Ẹkù Tí A Fi Ṣe Ilé Ahun

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àbígbẹ̀yìn mi obìnrin ti oko dé, ó sì gbé igbá kan kalẹ̀ níwájú mi. Ahun odò kéékèèké méjì ló wà nínú rẹ̀. Ó ní òun rí wọn létí àkùrọ̀, níbi tí omi ti gbẹ, òun kò sì fẹ́ kí àṣá gbé wọn. Lẹ́yìn náà ó bi mí pé, "Bàbá, inú kí ni ká kó wọn sí?"

Mo mọ èsì ìbéèrè náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó yẹ kó dáhùn ni kò sí nílé mọ́. Ìyá rẹ̀ ti fi ayé sílẹ̀ láti ìgbà ọyẹ́ èṣí, àpótí ìjókòó rẹ̀ sì wà níbi tó máa ń wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Mo ní kí ọmọ náà wọ́n omi sí wọn lára, kó fi ewé bò wọ́n, kó fún mi láyè díẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún un gùn, mo sì ti di ẹni tí ohùn rẹ̀ tètè ń dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀. Nítorí náà ni mo ṣe kọ ọ́ sílẹ̀.

Nígbà tí mò ń wí yìí, ìjọba Òyìnbó ṣì jẹ́ tuntun lọ́dọ̀ wa. Kò tí ì sí ọ̀nà tí ọkọ̀ lè gbà wọ Ìlọfà, ìlú wa. Ẹni tó bá ń lọ sí Ìlọrin a fi ẹsẹ̀ rìn, a sì sùn lọ́nà. Mo ti kàwé dé ìwọ̀n tí ìjọ fi lè rán mi padà sí ìlú mi láti máa kọ́ àwọn ọmọdé, nínú ilé alámọ̀ kan tí a fi koríko bò. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó ni. A bí ọmọ kan, ọkùnrin. Oṣù díẹ̀ ló lò pẹ̀lú wa.

Bí wọ́n ti ń ṣe lọ́dọ̀ wa, kò sẹ́ni tó jẹ́ kí èmi tàbí ìyá rẹ̀ dé ibi tí wọ́n sin ín sí. Àwọn ènìyàn wá kí wa. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń wí: "Omi ló dànù, agbè ò fọ́." Ọ̀rọ̀ rere ni. Ìyàwó mi a kúnlẹ̀, a dúpẹ́, a sì padà wọlé. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ni wọ́n ti ń fi orúkọ ọmọ náà pè é, ìyá lágbájá, ìyá lágbájá, kálukú ń fi í ṣe ẹnu dídùn. Lẹ́yìn tí ọmọ lọ, orúkọ náà parẹ́ lẹ́nu gbogbo wọn ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Ó padà di "ìyàwó." Bí wọ́n bá pè é bẹ́ẹ̀, á dáhùn, ṣùgbọ́n á kọ́kọ́ dúró díẹ̀, bí ẹni tó ń wò bóyá ẹlòmíràn wà lẹ́yìn òun tí wọ́n ń pè.

Kì í jáde mọ́ àyàfi kó pọnmi. Níbi tí àwọn obìnrin bá ti pé jọ, á gba ẹ̀yìn ilé kọjá.

Odò wa gbẹ gan-an ní ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà. Àwọn obìnrin ní láti gbẹ́ ihò sínú yanrìn kí wọ́n tó rí omi bù. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ìyàwó mi pẹ́ kó tó dé. Nígbà tó dé, kò sí omi nínú ìkòkò orí rẹ̀. Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó ní kí n wo inú rẹ̀. Ahun márùn-ún ni mo rí. Kò sí èyí tó fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju awẹ́ obì lọ. Karawun ẹ̀yìn wọn ṣì rọ̀ bí èékánná ọmọ tuntun.

"Níbo lo ti rí wọn?"

"Inú ilẹ̀ ni wọ́n ti ń jáde, létí odò. Àṣá ti gbé àwọn yòókù. Ìjàlọ ti wà lára ọ̀kan kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀."

"Kò burú, a ó kó wọn lọ sínú ibú. Omi ibú kì í gbẹ."

"Àwọn ẹja àrọ̀ inú ibú á gbé wọn mì." Ó fi ewé bo ìkòkò náà lójú oòrùn. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n wà lọ́dọ̀ wa títí wọn ó fi tóbi ju ẹnu àrọ̀ lọ."

Mo gbọ́ ohun tó sọ, mo sì gbọ́ èyí tí kò sọ. Ó fẹ́ kí ohun kékeré kan yè lọ́wọ́ òun. Mi ò tún bá a jiyàn mọ́.

Igbá ńlá la kọ́kọ́ kó wọn sí. Ológbò ará ilé kejì rí wọn lọ́jọ́ náà gan-an, ó ti ọwọ́ bọ igbá, ìyàwó mi sì fi ìgbálẹ̀ lé e já ìta gbangba. Mo wá rántí gárawà kan tí wọ́n fi ru kẹrosíìnì wá láti ọ̀nà rélùwéè. Mo gé ojú rẹ̀ nù, mo fọ̀ ọ́ títí òórùn rẹ̀ fi lọ, mo bu omi sí i, mo gbé e sí ojúde níbi tí ológbò kò ti lè yọ́ rìn. Ó dùn mọ́ mi nínú bí mo ti ṣe é. Nígbà tó di ìyálẹ̀ta, àbúrò bàbá mi ń kọjá lọ, ó fi ọwọ́ kan gárawà náà, ó sì fa ọwọ́ padà kíá.

"Tíṣà," ó ní, "ṣé ò ń sìn wọ́n ni àbí ò ń sè wọ́n?"

Omi ti gbóná débi pé àwọn ahun náà ń gun ara wọn kí wọ́n lè jáde. Ìyàwó mi kó wọn sínú aṣọ rẹ̀, kò bá mi wí, ṣùgbọ́n ó gbé gárawà náà lọ sẹ́yìnkùlé, ó sì da ojú rẹ̀ bolẹ̀.

Ìyá mi ló wá bá wa dá sí i. Aláró ni ìyá mi kó tó di pé orúnkún rẹ̀ ń dùn ún. Ìkòkò aró rẹ̀ kan ṣì wà lẹ́yìnkùlé, wọ́n rì í mọ́lẹ̀ dé ọrùn lábẹ́ igi àgbálùmọ̀. Ẹnu rẹ̀ fẹ̀, ikùn rẹ̀ jìn, ilẹ̀ sì ń mú un tutù ní gbogbo ọjọ́. Ó ti pẹ́ tí kò ti lò ó mọ́.

"Ọmọ mi," ó sọ fún ìyàwó mi, "kó wọn síbẹ̀. Ilé ọba nìyẹn."

Òun fúnra rẹ̀ ló fọ̀ ọ́. Ó fi kànìnkànìn họ inú rẹ̀, ó gbọ́n omi nù, ó ní ká bu òmíràn sí i. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró lé e lórí, à ń wo àwọn ahun bí wọ́n ti ń lúwẹ̀ẹ́ yí po. Mi ò rò pé ilé tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ wà fún ahun láti Èrúkú títí dé Ìdófin.

Inú wa kò dùn pẹ́. Wọ́n kọ́kọ́ kọ ikán tí ìyàwó mi ń wá fún wọn. Lẹ́yìn náà ojú wọn wú, wọ́n sì pa á dé. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan a bá ọ̀kan tó léfòó, kò mira mọ́.

Ìyàwó mi gbé e sí àtẹ́lẹwọ́. Kò sunkún. Ó wò mí, ó ní, "Kí ni mo ṣe?"

Ohùn tó fi bi mí kì í ṣe ti ahun nìkan. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìyá mi náà mọ̀. Ìyá mi ló kúnlẹ̀ létí ìkòkò náà pẹ̀lú orúnkún rẹ̀ tó ń dùn ún. Ó ti ìka bọ omi, ó fi ìka kan ra èkejì, ó sì fi kan ahọ́n. Ó tu itọ́ nù. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Omi eérú ni," ó ní.

Àwọn aláró a máa sẹ́ omi láti ara eérú láti fi rẹ aró. Omi náà a máa yọ̀ lọ́wọ́, a sì máa ta ahọ́n. Ìkòkò yẹn ti ń mu ún láti ìgbà tí ìyá mi ti jẹ́ ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé. Ojú ìkòkò la fọ̀. Kò sẹ́ni tó lè fọ inú amọ̀. Omi tuntun tí a bù sí i, ó ń pọ eérú àtijọ́ sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ìyá mi di ọwọ́ ìyàwó mi mú. "Gbọ́ mi. Kì í ṣe ìwọ. Ṣé o gbọ́? Kò sí ohun tí o ṣe. Ìkòkò mi ni."

Nínú gbogbo àwọn tó wá kí wa láti ìgbà tí ọmọ ti lọ, kò sẹ́ni tó sọ fún un pé kì í ṣe òun. Ọ̀rọ̀ agbè ni wọ́n ń sọ. Ìyàwó mi bojú wẹ̀yìn, ó sì sunkún níkẹyìn, ìyá mi ò sì sọ fún un pé kó dákẹ́. Èmi kó àwọn mẹ́rin tó kù sínú igbá omi odò.

Ní ìrọ̀lẹ́ ìyá mi sọ pé, "Ẹkù ló kù."

Nítorí àwọn ọmọ ìsinsìnyí tí wọn ò mọ̀ ju ẹ̀rọ lọ, kí n sọ bí ẹkù ti rí. Kòtò fífẹ̀ ni, tí a fi òkúta àti amọ̀ mọ yíká, níbi tí àwọn obìnrin ti ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹyìn láti fi ṣe epo. Apá kan rẹ̀ ga, apá kejì jìn. Epo ọdún pípẹ́ ti wọ inú ògiri rẹ̀, kì í jò. Kòtò kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń gbọ́n epo sí. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, kí ẹyìn tó pọ́n, lásán ló máa ń wà. Tìdílé wa wà lábẹ́ àṣẹ ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin.

Mo ní èmi yóò lọ bá a sọ̀rọ̀. Ìyá mi rẹ́rìn-ín.

"Ìwọ, ọkùnrin? Obìnrin ló ni ẹkù. Ọkùnrin kì í dá sí ọ̀rọ̀ ibẹ̀, bó ti wù kó mọ̀wé tó. Ìyàwó rẹ ni kó lọ."

Ìdí ẹkù ni àwọn obìnrin ilé wa máa ń jókòó sí ní ọ̀sán, tàwọn tọmọ lẹ́yìn. Mo rò pé ìyàwó mi yóò kọ̀. Ó pẹ́ kó tó dìde. Ó wẹ̀, ó ró aṣọ, ó gbé igbá náà, ó sì lọ. Mo tẹ̀ lé e dé ìdí igi ìṣin, mo dúró níbẹ̀ bí ẹni tó ń wá nǹkan tó sọnù.

"Ta ni mò ń wò yìí?" ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi wí. "Ìyàwó wa! Ta ló tú ọ sílẹ̀?"

"Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ìyá mi."

"Kí lo gbé dání?"

"Ahun ni, ìyá."

"Ó gbé ẹran ọbẹ̀ wá fún wa," ni ọ̀kan wí, wọ́n sì fi ẹ̀rín sí i. Ẹlòmíràn yọjú wo inú igbá. "Ẹran wo? Èyí ò ní kún eyín."

"Kì í ṣe fún ọbẹ̀," ni ìyàwó mi wí. "Ẹkù ni mo fẹ́ tọrọ fún wọn."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. "Ẹkù epo? Kí la ó máa fi se ọbẹ̀, epo ahun?" "Bí a bá ń tẹ ẹyìn lọ tí nǹkan bá gé mi lẹ́sẹ̀ jẹ ńkọ́?" Mo fẹ́ jáde láti ìdí igi lọ mú un wálé. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi gbé ọwọ́ sókè, wọ́n dákẹ́.

"Ahun yìí," ó ní, "ta ni ìyá wọn?"

Ìyàwó mi wolẹ̀, ó wo igbá, ó sì gbójú sókè.

"Èmi ni."

"Ó dáa. Ìyá Ahun, wá jókòó."

Ó jókòó. Lẹ́yìn náà ni ìyá àgbà náà sọ bó ṣe máa rí fún un: ní ọjọ́ tí ẹyìn àkọ́kọ́ bá wọlé, ẹkù di ẹkù padà. Ìyàwó mi ni yóò tún ògiri rẹ̀ rẹ́. "Ìwọ náà á sì bá wa tẹ̀ ẹ́," ó ní. "Má gba ẹ̀yìn ilé kọjá mọ́. A máa ń rí ọ."

Ní báyìí o, ọmọ mi, ìdáhùn ìbéèrè rẹ bẹ̀rẹ̀ níbí. Omi gbígbóná ni ìyá rẹ fi fọ ẹkù náà, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, títí ọ̀rá kò fi léfòó lójú omi mọ́. Ó da yanrìn odò sí apá tó ga, ó fi òkúta pẹlẹbẹ kan sí i kí wọ́n lè máa gun orí rẹ̀ yáàrùn. Apá tó jìn ló bu omi sí, kì í ṣe púpọ̀, kí ahun kékeré lè na ọrùn síta mí láì rẹ̀ ẹ́. Ó fi imọ̀ ọ̀pẹ bo ìdajì ẹkù fún òjìji, ó fi ìdajì sílẹ̀ fún oòrùn, ó sì fi ẹ̀ka ẹlẹ́gùn-ún dábùú ojú rẹ̀ nítorí àṣá. Nígbà tí mo sọ pé ká da eérú yíká nítorí ìjàlọ, ìyá mi ní, "Èmi? Eérú ti tó mi." Kẹrosíìnì díẹ̀ la fi wọ́n ilẹ̀ jìnnà sí ògiri.

Bí a ti bu omi sí i tán, a ò kó wọn sí i lójú ẹsẹ̀. Omi náà sun ibẹ̀. Lójúmọ́ ìyá mi tọ́ ọ wò. Ọ̀kan ṣoṣo la kọ́kọ́ fi sí i, a sì dúró títí ó fi jẹun kí a tó kó àwọn tó kù. Gbogbo òwúrọ̀ lẹ́yìn náà ni ìyá mi máa ń wọ́ orúnkún rẹ̀ wá sídìí ẹkù, á tọ́ omi wò, á ní, "Omi ni," á sì padà sílé.

Ojú àwọn ahun náà là. Wọ́n ń jẹ ekòló, wọ́n ń jẹ ikán. Ìyàwó mi kì í fi ìdí ẹkù sílẹ̀ mọ́. Àwọn obìnrin ń fi í ṣẹ̀fẹ̀: "Ìyá Ahun, àwọn ọmọ rẹ ti jí o!" Ní ọjọ́ kan mo gbọ́ tó fèsì pé, "Wọ́n ní kí n kí yín." Mo wà nínú ilé ẹ̀kọ́, ọmọ kan ń kàwé fún mi lọ́wọ́. Mo ní kó tún un kà, nítorí mi ò gbọ́ ohun tó kà.

Ẹyìn tètè pọ́n lọ́dún náà. Àwọn ọkùnrin ti kó ìdì àkọ́kọ́ dé kí a tó rò ó. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi pe ìyàwó mi.

"Ìyá Ahun, ẹyìn ti kún ilé. Kí lo tún ń dúró dè?"

"Kí wọ́n tóbi ju ẹnu àrọ̀ inú ibú lọ, ìyá."

"Báwo ni ẹnu rẹ̀ ti tóbi tó?"

Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà tó ń ná ọjà ẹja gbígbẹ láti Ìlọrin ní òun ní orí àrọ̀ kan lájà, tí kò sí irú rẹ̀ ní gbogbo odò wa. Ó lọ gbé e wá. Dúdú ni, ó tó ìkúùkù géńdé. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi fi ọ̀bẹ ya ẹnu rẹ̀, ó fi igi há a, ó ní, "Gbé àgbà wọn wá."

Èyí tó tóbi jù kò wọ̀ ọ́. "Kò wọ̀ ọ́!" ni gbogbo wọn kígbe. Wọ́n gbé èkejì wá. Kò wọ̀ ọ́. Ẹ̀kẹta fẹ́ wọ̀ ọ́, ó há létí, wọ́n ní ìyẹn náà yege. Wọ́n gbé èyí tó kéré jù. Ó wọlé tèèè, ìrù rẹ̀ nìkan ló kù síta.

Ẹnì kan ní, "Ahun kan ò lè dá ẹkù dúró. Ẹyìn á rà." Òótọ́ ló sọ. Ìyàwó mi yọ ahun náà lẹ́nu ẹja, ó fi etí aṣọ rẹ̀ nù ún. Kò bẹ̀bẹ̀. Ó ti ṣe àdéhùn.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ń wò ó. Ó ní, "Ẹ gbé e sínú kòtò epo. Ìkòkò la ó máa gbọ́n epo sí lọ́dún yìí."

"Nítorí ahun?" ni ọ̀kan wí.

"Nítorí ìyá rẹ̀."

Ní ọjọ́ náà la kó àwọn mẹ́ta lọ sínú ibú. Ní ọjọ́ kejì ìyàwó mi ká aṣọ dé orúnkún, ó wọ inú ẹkù pẹ̀lú àwọn obìnrin, ó ń tẹ ẹyìn. Ó tẹ̀ ẹ́ títí àsìkò fi parí, ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ́n bí osùn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni èyí tó kéré jù wà nínú kòtò tirẹ̀ pẹ̀lú òkúta kékeré kan àti imọ̀ ọ̀pẹ, àwọn obìnrin sì ń fi ìkòkò gbọ́n epo kọjá lórí rẹ̀, wọ́n ń kùn, wọn ò sì da ẹ̀kán kan sí i lára.

Lẹ́yìn tí òjò ti rọ̀ dáadáa, wọ́n tún gbé orí àrọ̀ wá. Ahun náà kò wọ̀ ọ́ mọ́. Èmi àti ìyàwó mi nìkan la gbé e lọ. Ó fi í sí etí omi, ó yọwọ́. Ahun náà dúró bí ẹni pé ó gbàgbé ohun tó wá ṣe, lẹ́yìn náà ó wọ omi, a ò rí i mọ́. Mo rò pé ìyàwó mi yóò fẹ́ dúró díẹ̀. Ó yí padà.

"Ẹ jẹ́ ká máa lọ," ó ní. "Ebi ń pa mí."

Kò tí ì sọ bẹ́ẹ̀ sí mi láti ìgbà tí ọmọ ti lọ. Bí a ti délé, ó gún iyán, ó sì jẹ ẹ́.

Ọlọ́run fún wa ní ọmọ lẹ́yìn náà, ẹ pọ̀, ẹ sì yè. Gbogbo ìlú ń fi orúkọ àgbà yín pe ìyá yín. Àwọn obìnrin ẹkù nìkan ni wọn ò yí tiwọn padà. Nígbà tí ìyá yín lọ lọ́dún tó kọjá, ẹni tó kẹ́yìn nínú wọn ni wọ́n fà lọ́wọ́ wá kí mi. Kò ríran mọ́. Ó ní, "Ìyá Ahun ṣe bẹ́ẹ̀ ó lọ." Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ ìtùnú, ìyẹn nìkan ni mo lè gbà.

Ó pẹ́ tí wọn ò ti tẹ ẹyìn nínú ẹkù náà mọ́, ẹ̀rọ ni wọ́n ń lò. Mo ti ka gbogbo èyí fún ọmọ mi. A ti lọ ro koríko ibẹ̀ kúrò, ó ti po amọ̀, ó ti rẹ́ ògiri níbi tó ti là, ó sì ti bu omi sí i láti àná. Ní òwúrọ̀ yìí ó gbé igbá ahun rẹ̀ dání, ó ní, "Bàbá, ṣé kí n kó wọn sí i?"

Mo ní kó dúró ná. Mo bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, orúnkún mi náà kò gbà mí mọ́. Mo ti ìka bọ omi, mo fi ìka kan ra èkejì, mo fi kan ahọ́n.

"Omi ni," mo ní. "Kọ́kọ́ fi ọ̀kan sí i."